Ẹ̀bẹ̀ Tí Alágbàfọ̀ Ò Rí Rí

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, alágbàfọ̀ ni. Tó bá di ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó di olówó. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni ẹgbẹ́ eléré wọn ti ń ṣe ìdánrawò, òun ni wọ́n sì fi ṣe màdáámú nínú eré tuntun: obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí yẹtí, tí wọ́n sì padà rí yẹtí lábẹ́ tìmùtìmù. "Olówó Orí Ìtàgé" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ dáadáa.

Kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀? Ó ti pẹ́ tó ti ń fọṣọ fún ìyàwó lọ́yà kan, kò sì sí èyí tí kò rí. Bí màdáámú rẹ̀ yìí ṣe ń fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí aṣọ tí kò mọ́, bó ṣe ń pe èèyàn láìgbójú sókè, bó ṣe ń mí kanlẹ̀ kó tó bínú, gbogbo rẹ̀ ló kó wá sórí ìtàgé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn eléré.

Ìparí ló dá wàhálà sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọlọ́rọ̀ yóò ti kúnlẹ̀ bẹ ọmọ ọ̀dọ̀. Bí alágbàfọ̀ bá sì kúnlẹ̀, ńṣe ló ń dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ bẹ̀ ẹ́ bí màdáámú yín ṣe máa ń bẹ èèyàn," ni tíṣà tó ń darí eré wí.

"Tíṣà, mi ò rí i kó bẹ èèyàn rí."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lọ́dún tó kọjá, aago ọwọ́ màdáámú sọnù, ló bá tú àpò alágbàfọ̀ sílẹ̀ yàà níṣojú ọmọ alágbàfọ̀ tó sin ìyá rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí aago nínú ọkọ̀ lọ́yà, màdáámú wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi omi tútù fọ àwọn aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó dun alágbàfọ̀ dọ́kàn, àmọ́ bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Ọjọ́ eré pé. Alágbàfọ̀ yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì yára fà sẹ́yìn. Lọ́yà wà lára àwọn tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́, wọ́n ti fìwé pè é. Òun àti màdáámú ló jókòó síwájú yẹn. Eré bẹ̀rẹ̀, màdáámú ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìgúnpá gún ọkọ rẹ̀. Ó dá alágbàfọ̀ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n kò dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ó kan ìkúnlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú" péré ló wà nínú ìwé eré. Bó bá sọ ìyẹn kó sì dìde, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀ báyìí ló yé e pé, bí òun ò tiẹ̀ rí ẹ̀bẹ̀ yìí rí, òun mọ èyí tí òun ti ń retí.

"O ò jalè," ó sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀. "Mo tú àpò ẹ níwájú ọmọ ẹ, o ò lè wojú ọmọ yẹn mọ́. Nígbà tí mo rí nǹkan mi, ó yẹ kí n pe ọmọ náà, kí n sọ fún un pé ìyá ẹ̀ kì í ṣe olè. Mi ò sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọmọ ọ̀dọ̀ inú eré ò bímọ kankan. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é kàn lanu ni, ó gbàgbé èsì rẹ̀ pátápátá. Àtẹ́wọ́ sọ nínú gbọ̀ngàn. Màdáámú ò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kan bo aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, alágbàfọ̀ lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti lé. Màdáámú fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Màdáámú di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹni tí o bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ṣé ó gba ẹ̀bẹ̀?"

"Ẹni tí mò ń sọ, mà," ni alágbàfọ̀ dáhùn, "wọn ò tíì bẹ̀ ẹ́."