Àgbò Tó Gba Orí Àpáta Jáde

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹni tó bá ní wọ́n sọ ọ́ fún òun ni, kó dákẹ́. Èmi wà níbẹ̀, amọ̀ mù mí dé orúnkún, kò sì sí ẹni tó mọ amọ̀ pò tó mi ní gbogbo àdúgbò Kémta.

Odi ìlú la ń mọ nígbà náà, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ará Dàhòmì. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀. Tiwa pàdé ti àwọn ará Ìporò níbi àpáta pẹlẹbẹ kan. Olórí ogun so àgbò ńlá kan mọ́ èèkàn níbẹ̀, ó ní àwọn tó bá kọ́kọ́ parí ni yóò pa á jẹ. Ọmọ Ìporò ni ìyàwó mi. Mo ní kó lọ ata sílẹ̀ dè mí.

Ó ní, "Ata tí mo bá lọ̀, àwọn bàbá mi ni yóò fi jẹ ẹran náà."

Bí a ṣe ń mọ odi la ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ará Kémta, ṣé odi rèé àbí ebè iṣu?"

"Tiyín ńkọ́? Bí ewúrẹ́ bá sín, ó wó!"

Nírọ̀lẹ́, apá méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ti parí. Àwa la ṣáájú, mo lè búra. Olórí ogun wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹjú mọ́ àpáta. Kò sí amọ̀ kankan lórí rẹ̀. Màlúù méjì lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gba ibẹ̀ kọjá. A ní ti Ìporò ni, wọ́n ní tiwa ni. Ta ni yóò mọ odi fún ẹlòmíràn?

"Ṣé ọ̀nà tí Dàhòmì yóò gbà wọlé lẹ fi sílẹ̀ yìí?" ni olórí ogun bi wá.

Okùn àgbò la dì mú. Àwa fà, wọ́n fà. Okùn já, gbogbo wa ṣubú sínú amọ̀, àgbò sì gba orí àpáta jáde bí ọmọ onílé.

"Àgbò wa o!"

Kémta ń ké e, Ìporò ń ké e. A lé e dé etí odò Ògùn. Àwọn kan ò tilẹ̀ rántí sọ ọkọ́ sílẹ̀. Bàbá ìyàwó mi, tó pè mí ní afúnnu lọ́sàn-án, ló fà mí lápá kí n má baà ré sómi. A ò rí àgbò mọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, a jọ mọ amọ̀ bo àpáta náà. Kò sẹ́ni tó mọ ti Kémta yàtọ̀, àfi ibi tí mo mọ, tó ń dán.

"Baálé mi," ni ìyàwó mi wí, "ata rèé. Ẹran dà?"

Ohun tó ṣòfò: àgbò kan, okùn kan, ọkọ́ méjì, fìlà mi, àti àwo ata kan tó kan kílẹ̀ tó mọ́.