Ọbẹ̀ tí Mo Pè ní Omi Gbígbóná

Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mò ń pa á, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dín in kù. Mo sọ fún ìyá mi pé ata àti omi gbígbóná ni obìnrin náà ń fún mi jẹ lórúkọ ọbẹ̀. Ìyá mi gbà mí gbọ́, gbogbo ilé wa gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ imú mi ló kú. Mi ò yẹ ara mi wò kí n tó ka ẹ̀sùn sí ẹlòmíì lọ́rùn.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí train bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibùdókọ̀ Whitehorn, ilé ẹ̀gbọ́n mi ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n mi níléeṣẹ́ epo. Òun ló ní kí n wá sí Calgary, ní Kánádà, kí n wá parí ìwé tí mo pa tì ní fọ́ọ̀mù kẹta. Basement, yàrá abẹ́ ilé, ni wọ́n fún mi. Lọ́sàn-án, mò ń ṣiṣẹ́ ní lọ́ńdìrì òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìgboro; nírọ̀lẹ́, mò ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ dáadáa, ó tó ẹni tó lè pọ̀n mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi kó tó wọ ilé wa, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Kì í pe orúkọ mi. "Akọ̀wé" ló ń pè mí, nítorí bí mo ṣe máa ń há ìwé mọ́ abíyá lọ wọ train. "Ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. Àǹtí ni èmi náà ń pè é, "ẹ" ni mo fi ń dá a lóhùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn bí inú mi bá dùn. Bí inú mi ò bá dùn, mo máa ń rántí pé ọkọ ni mí.

Lẹ́yìn Kérésì, flu gba inú lọ́ńdìrì wa kọjá, ó sì gbé mi dè. Ibà, ara ríro, ikọ́, imú dídí. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Àǹtí ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú tíì àti aṣọ ìnura tó gbóná. Nígbà tí ibà lọ, tí imú mi là, tí mo ń mí geerege, ó ní kí n gòkè wá jẹun lórí tábìlì bí èèyàn.

Ẹ ní láti mọ ohun tí irú jẹ́ ní Calgary nígbà yẹn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó ń tà á. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé ló ń kó o sínú àpótí, á wé e ní ọ̀rá lórí ọ̀rá, á sì máa gbàdúrà kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má gbóòórùn rẹ̀. Ti Àǹtí, ìyá tó bí i ló sá a gbẹ fún un. Inú agolo kọfí ló wà nínú freezer, ọjọ́ pàtàkì nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí mo dìde àìsàn, ó gbọn gbogbo èyí tó kù sínú ọbẹ̀ mi. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ba nǹkan jẹ́ ni mo tó mọ̀.

Ó gbé àwo síwájú mi: spinach tó fi ṣe ẹ̀fọ́, àti ìyẹ̀fun pòtétò tí a ń rò bí iyán.

"Akọ̀wé mi, ẹ jẹ ẹ́ tán o," ó ní. "Ọbẹ̀ yìí, bí òkú bá gbóòórùn rẹ̀, á dìde béèrè àwo."

Mo ki òkèlè bọ̀ ọ́. Ata ta mí lẹ́nu. Lẹ́yìn ata, kò sí nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí tó rin omi. Mo tún ki òkèlè kejì bọ̀ ọ́, bákan náà ni.

"Ìyàwó," mo ní. Mi ò pè é ní Àǹtí. "Kí lo bù fún mi yìí?"

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣe é?"

"Kò níyọ̀. Kò nírú. Ata àti omi gbígbóná lo gbé síwájú mi."

"Kò nírú kẹ̀? Irú tó ń rùn dé ojú títì—"

"Mo ní kò nírú! Àbí ti ọkọ rẹ lo bù sọ́tọ̀?"

Ọmọbìnrin wọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di imú mú. "Uncle, it's so stinky! How can you say that?"

Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́. Èmi rò pé ó ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni. Àǹtí wo àwo, ó wò mí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ n gbé iyọ̀ wá." Ìyàwó ilé kì í bá ọkọ jiyàn lórí oúnjẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo sì gbójú lé.

Ìyá mi ò mọ̀wé kà, kò sì ní tẹlifóònù. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó ní basement, n óò sọ̀rọ̀ sínú rédíò, n óò fi í rán akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ sílé. Bó bá dé ọ̀hún, ìyá mi á kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn ìyàwó ilé, àwọn aládùúgbò tó bá ráyè. Wọ́n á yí rédíò ká bí ẹni pé èmi ni mo jókòó síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí kan. Síbẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní, "Màámi, mo ti rù. Ìyàwó Bọ̀dá ń fi irú dù mí. Omi gbígbóná ni mò ń jẹ."

Ọjọ́ Sátidé kan ni èsì dé. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ìkíni lásán ni, ó sì ké pe ìyàwó rẹ̀: "Wá gbọ́ ohùn Màámi o!" Àǹtí jáde láti kíṣìnnì, ó ń fi tówẹ̀lì nu ọwọ́.

"Ìyàwó mi," ohùn ìyá mi sọ, "ṣé torí pé òkun wà láàárín wa lo ṣe rò pé mi ò lè rí inú ìkòkò rẹ? Gbogbo ilé ló jókòó gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní àwọn ò mọ̀ pé irú obìnrin báyìí la fẹ́ sílé." A gbọ́ tí ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn rẹ̀.

Àǹtí dúró títí ó fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, mò ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìparí ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ mú ọmọ wọn lọ sílé kí ìyá mi lè rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Àǹtí yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa lọ. Ojú wo ni n óò fi wọ pálọ̀ yẹn?"

Kò bá mi jà. Oúnjẹ mi ò dín. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ sórí àtẹ̀gùn basement, kò sì pè mí ní Akọ̀wé mọ́. Kò pè mí ní nǹkan kan.

Lọ́ńdìrì ni ojú mi ti là. Mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo kẹ́yìn sí dryer kan, ni ọ̀gá wa obìnrin bá sáré wọlé, ó fi apá kan tì mí, ó sì pa ẹ̀rọ náà. Tówẹ̀lì ń jó nínú rẹ̀ láìtíì yọ iná.

"It's burning! Can't you smell it?"

Mo fa imú. Atẹ́gùn wọlé, atẹ́gùn jáde, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo lọ ṣí agolo ọṣẹ, mo ti imú bọ̀ ọ́. Òfo. Mo bọ́ bàtà mi tí mo ti ń wọ̀ láti àárọ̀, mo gbé e símú. Ọmọkùnrin tí a jọ ń káṣọ wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Dókítà tí mo lọ rí béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀, àfi bóyá láti ìgbà flu. Ó ní kòkòrò àìrí tó fa àìsàn náà ló ba ibi tí imú fi ń mọ òórùn jẹ́, tó sì kan ahọ́n díẹ̀, pé imú ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a rò pé ahọ́n ń ṣe. Ata nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi, torí pé ata kì í ṣe adùn, títa ló ń ta ni. Ó lè sàn, ó ní, ó sì lè máa bá mi lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀.

Mo wọ train padà. Whitehorn ni train ń parí sí nígbà náà, nítorí náà mi ò tilẹ̀ lè ṣe bí ẹni sùn kọjá ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kó snow kúrò níwájú ilé. Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rò ó fún un.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́."

"Èmi? Ṣé ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?"

Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ ọ́. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ohùn mi sílẹ̀ fún ìyá mi: pé irú wà nínú ọbẹ̀, pé imú mi ni kò sí. Mo rò pé ó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí kan ilẹ̀kùn basement. Ó gbé abọ́ dání: èèpo ọsàn, kọfí, kànáfùrù.

"Akọ̀wé, ẹ dijú."

Ó gbé nǹkan kan sábẹ́ imú mi.

"Kí nìyí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọsàn ni. Ẹ má ṣí ojú. Ẹ rántí ọsàn. Ta ló ń bó o fún yín nílé?"

"Màámi."

"Ó dáa. Ẹ máa fà á símú." Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Imú yín ti gbàgbé ABD. Jẹ́léósinmi la ó tún mú un padà sí. Òjò ni o, yìnyín ni o, a ò ní pa iléèwé jẹ."

Láràárọ̀ la fi ń ṣe é kí n tó lọ wọ train. Ó tún yí oúnjẹ mi padà. Ó ń fọ́n ẹ̀pà sísun sórí ìrẹsì, ó ń fi àlùbọ́sà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran gbígbóná, kí eyín mi lè rí nǹkan ṣe níwọ̀n ìgbà tí imú ò rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn oúnjẹ padà, lọ́nà mìíràn: bó ṣe ń dún, bó ṣe ń fà, bó ṣe ń tutù lẹ́nu.

Nígbà tí snow ń yọ́, mo dijú ní àárọ̀ kan, nǹkan tín-ín-rín kan sì kọjá nínú imú mi, bí ẹni gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Mo ní, "Kànáfùrù." Àǹtí hó yèè, ọmọ rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tó dé. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ padà, ọsàn padà díẹ̀. Kọfí padà ní ìpadàkupadà, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Irú ò tíì padà títí di òní. Mo ṣì ń fa imú.

Èsì ìyá mi dé pẹ̀lú irú tí wọ́n wé ní ọ̀rá lórí ọ̀rá. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú. Ìwọ ni mo fi irú yìí ránṣẹ́ sí. Má fún onímú-kíkú yẹn níbẹ̀ àfi bó bá wù ọ́." Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sè é, ó bù fún mi, ó sì jókòó tì mí, ó ń sọ bó ṣe ń rùn fún mi bí mo ṣe ń jẹ. Lọ́jọ́ náà ló ní òun náà á bá wọn lọ sílé.

Ó lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú ayọ̀. Ìyá mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní bí òun ṣe wọ pálọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè lókè ohùn pé, "Ṣé ìyàwó olómi gbígbóná nìyí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ló ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kejì. Ó ní òun ti ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n kò kó wọn jọ bó ṣe kó wọn jọ fún ti àkọ́kọ́. Àǹtí sọ ọ́ fún mi bí àwàdà. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì délé láti ìgbà náà. Mi ò sì tíì fi ẹnu ara mi sọ fún Àǹtí rí pé kó má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi sọ ọ́, mo sì fi ìyókù rán kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá délé, n óò bẹ ìyá mi kó pe gbogbo wọn jọ, kí n dìde dúró láàárín wọn, kí n sọ pé obìnrin yẹn fún mi ní èyí tó dára jù nínú ohun tó ní, èmi ni mo sì bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé jìnnà, kíṣìnnì ò jìnnà. Mo jókòó sí basement wọn báyìí; òun ló wà lókè yìí tó ń nu àwo, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbèsè tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ jẹ, mi ò sì tíì san án.