Aṣọ Ilé Ìwòsàn

Kí ọmọ aláwọ̀ dúdú tó rí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé wa lọ, ó ní láti kọ́kọ́ múra bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Atlanta, mo rò pé gbogbo ayé ló ní aṣọ ilé ìwòsàn. Tèmi jẹ́ gáùn búlúù tí kọ́là rẹ̀ máa ń ha mí lọ́rùn; ti Táyọ̀ àbúrò mi, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà dídán. Bó bá fi bàtà yẹn gbá bọ́ọ̀lù, á kúnlẹ̀, á nawọ́ sókè títí ìrẹsì á fi jinná. Mọ́mì, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì níbòmíràn, a fi káàdì iṣẹ́ wọn kọ́rùn. "Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ lẹ́ni," ni wọ́n máa ń wí.

Táyọ̀ á ní, "Mọ́mì, ṣé dókítà náà máa gba ọrẹ ni?"

Asima, ikọ́ fée, ló ń yọ Táyọ̀ lẹ́nu. Àwa dúdú nìkan ni wọ́n kó jọ sí àdúgbò wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà. Èéfín wọn a máa bà lé aṣọ tí a bá sá. Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí pa. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, lọ́nà jíjìn, la ń wa mọ́tò lọ.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Mọ́mì ń dín àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí àyà Táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kò sí àyè àtimúra. Ìró ilé, sílípáàsì, òórùn òróró: bẹ́ẹ̀ la ṣe débẹ̀. Obìnrin tó wà ní kàǹtà wo Mọ́mì látòkè délẹ̀, ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́mì fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé ọmọ àwọn ò lè mí. Ó ní, "Màdáámù, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ lọ jókòó." Ọmọ òyìnbó kan tó fẹsẹ̀ kọ dé lẹ́yìn wa, tòun ti aṣọ ìsùn lára, wọ́n gbé e wọlé lójú wa. Orí àga ni Táyọ̀ dákú sí kí wọ́n tó sáré gbé e wọlé.

Kò kú. Ṣùgbọ́n kò lè sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù mọ́. Mọ́mì ò sì dá obìnrin yẹn lẹ́bi. Ìró tí wọ́n ró lọ ni wọ́n dá lẹ́bi. "Ká ní mo ti pààrọ̀ aṣọ ni," ni wọ́n ń sọ títí dòní.

Nísinsìnyí, Stockbridge nítòsí Atlanta ni mo ń gbé, mo ti kàwé dé yunifásítì, ilé ìwòsàn yẹn sì ti kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀kan náà ni gbogbo èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyà ọmọbìnrin mi ń súfèé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ ni mo kọ́kọ́ sáré mú.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn yẹn, ẹ dá ìyá mi lóhùn nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́: kí ni ìró ní í ṣe pẹ̀lú èémí ọmọ?