Kànga Tí A Fọ̀ De Àlejò

Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ní Ìbà, ọkùnrin kan tó ń yẹ ilẹ̀ wò ránṣẹ́ pé òun máa wá wọn bí ìsàlẹ̀ kànga wa ṣe gbóná tó. Ó ní ooru ayé àtijọ́ máa ń pamọ́ sínú ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àlejò ò ní bá kànga ẹlẹ́gbin nílé òun. Láti ìdájí ni mo ti ń fa omi, títí kànga fi gbẹ, tí omi tuntun ń sun wọlé. Mi ò lè na apá mi mọ́.

Ọkùnrin náà sọ ohun tó fi ń wọn ooru sísàlẹ̀ kànga, ó fà á sókè, ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ ló máa ń gbé ooru yẹn lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Omi tuntun tí ẹ fà wọlé yìí sì tún ràn án lọ́wọ́.”

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi.

“Ṣebí mo sọ fún ẹ pé kó o fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa?”

Mo tún gbé korobá.