Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Lójú Títì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé pátákó pupa tí a kọ DÚRÓ sí dání ní títì márosẹ̀ Ore, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá. Bàbá Akin, tó ti wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi.

"Má wo ojú dẹ́rẹ́bà," ni wọ́n wí. "Táyà iwájú ni kó o máa wò. Bí táyà ò bá tíì dúró, ọkọ̀ ò tíì dúró."

"Bí wọ́n bá ń bú mi ńkọ́?"

"Wọn á bú ẹ. Ṣáà gbé pátákó ẹ sókè."

Àwọn dẹ́rẹ́bà bú mi lóòótọ́. Ẹnìkan ní kí n lọ sílé lọ se ọbẹ̀ fún ọkọ mi. Mo ní mo ti sè é kí n tó jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúró.

Mo ti lo bí oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó ṣe àṣìṣe tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti dá tírélà tó kó gẹdú dúró, àwọn ọmọ sì ń sọdá. Àánú, ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ló kẹ́yìn wọn. Ọ̀kadà kan yọ láàárín ọkọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá ọkọ mi ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n gbé gààrí bọ̀ láti Odigbo.

"Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ o."

Kí n tó rò ó, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Àmọ́ pátákó bá mi wálẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì rò pé mo ti ní kó máa lọ. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Mo wo táyà: ó ń yí.

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo bọ́ síwájú ọkọ̀, mo na pátákó sókè. Bíréèkì han, gẹdú mì tìtì, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé irin iwájú ọkọ̀ náà. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Odindi igbó ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, ó sì dúró. Àánú fà mí láṣọ lẹ́yìn: "Màámi, ṣé kí n máa lọ?"

Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń retí èébú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ má kúnlẹ̀ níbí mọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ìyá ọkọ mi dìde jẹ́rìí ní ilé àdúrà wọn ní Odigbo. "Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá bá ìyàwó mi lórí títì, ẹ má kí i. Bí ẹ bá sì gbàgbé, tí ẹ kí i, tí kò kúnlẹ̀, kì í ṣe àrífín."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. "A ò kí ẹ o," ni wọ́n wí. "Dúró bẹ́ẹ̀."

Mo dúró. Tírélà mẹ́rin tò sílẹ̀ níwájú wa, gbogbo wọn dákẹ́, bàbá sì ń sọdá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.