Nígbà Tá A Ṣì Ń Sin Ara Wa Lọ Sáìnì

Nígbà tá a kọ́kọ́ dé Dublin, tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì ní ìwé ìgbélùú, kò sẹ́ni tó ń dá lọ sáìnì. Bí ìmígíréṣọ̀n bá pe ẹnì kan pé kó wá fọwọ́ síwèé, gbogbo ìjọ la máa ń sìn ín lọ. A ó dúró síta nínú òtútù pẹ̀lú fúláásì tíì, títí yóò fi jáde. Bí kò bá jáde, a ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dá a padà sílé nìyẹn, ariwo sì sọ. Àwọn òyìnbó àdúgbò wa ní Finglas gan-an máa ń bá wa pariwo. Ìyá àgbà kan gbé páálí tó kọ̀wé sí dání rí, ó ní ọmọ tó ń bá òun ra búrẹ́dì kò ní í lọ ibì kankan.

Ìyá náà ti kú. Àwọn míì ló ń gbé páálí báyìí, pé ká máa lọ sílé wa. Ìyẹn ò dùn mí tó tàwọn ará wa tó ti gba páásípọ́ọ̀tì.

Arábìnrin kan tó ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Damastown, ni ìmígíréṣọ̀n pè láìpẹ́ yìí. Ó dìde, ó ní ká bá òun gbàdúrà. Àmín tá a ṣe ò lè jí ọmọ tó ń sùn. Díákónì kan wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy, ẹ má dá sí i o. These new people, wọ́n ń spoil orúkọ wa. Let them go back."

Bẹ́ẹ̀ mo gbé tíì dúró de òun náà níta rí! Mo délé, mo rò ó fún ọmọ mi obìnrin, èyí tí mo máa ń pọ̀n lọ sáìnì.

"Ah Mam," ó ní, "it's the law, like."

Èmi nìkan ni mo sin arábìnrin náà lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń wọlé.

"Mummy, ẹ má worry. I'll be grand."

Mo dúró. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, tíì tutù. Nígbà tó yá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu kí n pariwo, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó máa gbè é. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Mo pa ẹnu dé. N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo kọ ọ́ sórí wáásáàpù ìjọ pé wọn ò jẹ́ kó jáde. Ẹnì kan fèsì pé "God is in control." Díákónì yẹn ní tiẹ̀ kọ ọ́ sí èmi nìkan: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, yàrá tí sister yẹn ń rent, ṣé ó ti ṣófo?"