Réèkì Onírin Lábẹ́ Igi Fúrúùtù

Nítorí ẹ̀yìn tó ń dun ìyá mi ni mo ṣe lọ ra réèkì, ọ̀pá eléyín tí wọ́n fi ń wọ́ ewé jọ. Igi fúrúùtù kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Abúlé Òkúta, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, tó bá sì ń wọ́wé, kì í sinmi. Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbá ibẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì lórí ìbàdí. Tí wọ́n bá dé ìdí igi, wọ́n á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣa ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú a máa bí mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣómólú, mo wo réèkì onírọ́bà, mo wo tonírin.

"Àǹtí, ẹ fi rọ́bà yẹn sílẹ̀ jàre," ni ọlọ́jà wí. "Tó bá fi lè kan gbòǹgbò báyìí, eyín ẹ̀ á kán. Onírin ni orijínà."

Mo yan èyí tí eyín rẹ̀ mú jù lọ. Mo gbé e lé èjìká, ọlọ́gbọ́n ọmọ ń lọ sílé.

Ìyá mi fọwọ́ kan eyín rẹ̀. "O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n a máa ń gbálẹ̀ yìí ni, a kì í ha á."

"Mọ́mì, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Wọ́n rọra gbé réèkì náà ti ògiri. Lọ́jọ́ kejì, mo tún bá wọn lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi ìbínú gba ìgbálẹ̀, mo tì í mọ́ yàrá mi. Mo ní orí kunkun ni yóò pa wọ́n. Ìyá tó bí mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣa ewé gbogbo àgbàlá.

Kò pé ọdún kan tí àìsàn àyà fi mú wọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, ewé ti bo ilẹ̀, àlejò sì ń bọ̀. Mo gbé réèkì. Bí mo ṣe dé ìdí igi, àbúrò ìyá mi tó wá láti Pedro figbe ta.

"Má firin kan ibẹ̀! Ìyá ẹ ò sọ fún ẹ? Wọ́n bí ọmọ kan ṣáájú ẹ. Ìdí igi yìí ni bàbá ẹ sin olóbì ẹ̀, ibi ọmọ náà, sí. Oṣù mẹ́ta lọmọ náà lò láyé. Òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀, o ṣáà mọ̀. Àwọn àgbà ló lọ sin ín. Ibí yìí nìkan ló kù tí ìyá ẹ mọ̀ nípa ọmọ náà."

Réèkì bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo wọlé lọ mú ìgbálẹ̀ wọn jáde, mo sì sunkún lé e lórí bí ọmọdé.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀ báyìí, ọwọ́ òsì lórí ìbàdí. Tí mo bá dé ìdí igi, mo máa ń kúnlẹ̀ ṣa ewé. Èmi mọ ojú oórì ìyá mi. Síbẹ̀, ìdí igi yìí ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n.